Ebè Tí A Kò Ṣí Lójú Òjò

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni òní tí o gbé ẹrù rẹ rù, tí o bá ọkọ rẹ lọ sí Bàsílà, tí o kò sì bojú wẹ̀yìn nígbà tí o kọjá ìdí igi ẹmi, igi òrí tó wà lẹ́yìn ilé. Mo dúró níbẹ̀ títí n kò fi rí orí rẹ mọ́. Mo ní bóyá ẹrù ló wúwo, kò jẹ́ kí ọrùn rẹ yí. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ṣe ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ara mi le. Ewúrẹ́ rẹ funfun ti bí, abo méjì. Ọ̀kan nínú wọn ń tẹ̀ lé mi kiri bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Ìwé yìí yóò gùn díẹ̀. O mọ̀ pé n kò mọ̀wé púpọ̀. Ìwọ̀nba tí wọ́n kọ́ mi létí òkun náà ni mo kọ́ ọ, nítorí náà bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, gbójú fò ó. Bàsílà kò jìnnà. Bí mo bá jí ní kùtùkùtù, màá dé ọ̀dọ̀ rẹ kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wàá ní o fẹ́ lọ pọnmi. Ìwé kì í lé ènìyàn. Bí o bá fẹ́, jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lónìí, kí o tún mú un lọ́la.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí, n óò sọ ọ́ tààrà. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú nínú ọyẹ́ èṣí ni o ti sé ọkàn rẹ le sí Ọlọ́run. O kò gbàdúrà mọ́. Nígbà tí àwa díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní onígbàgbọ́ ní Manigri bá jókòó sábẹ́ àtíbàbà wa lọ́jọ́ ìsinmi, ìwọ á gbé igbá, o di odò. Mo sì gbọ́ ohun tí o sọ lẹ́bàá sàréè bàbá rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o rò pé ẹkún ti di etí mi. O ní, "Ọlọ́run tí mo pè tí kò dáhùn, tó wá dá Wòrú tí kò pè é lóhùn, èmi àti ẹ̀ ti parí."

Wòrú, aládùúgbò wa, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ, tí ààlà oko wọn kan ara. Àìsàn kan náà ló mú àwọn méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà, ìkọ́ kan náà, ibà kan náà. Àwa gbàdúrà títí ohùn wa fi há. Nílé Wòrú, ìyàwó rẹ̀ kàn ń se àgbo, ó sì ń ṣépè fún àìsàn náà. Bàbá rẹ kú. Wòrú dìde.

Ọmọ mi, mo ti rò ó gan-an, ohun tí mo rí ni pé ìbànújẹ́ kọ́ ló sé ọkàn rẹ le. Ìbànújẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Owú ni. Owú ẹni tí tirẹ̀ kò kú.

Bí mo ṣe mọ̀? Owú náà ń jẹ èmi náà, àní lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí tí mo jókòó tí mò ń kọ̀wé. Láràárọ̀, mo máa ń gbọ́ Wòrú lẹ́yìn ògiri. "Ìyá Sàbí, omi gbígbóná mi dà?" Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Ṣé inú ẹnu mi ni mo ti ń gbé e kaná ni? Ẹ dìde, ẹ ṣẹ́gi!" "Obìnrin yìí, o fẹ́ pa mí." "Àìsàn tó fẹ́ pa yín, ṣé ó rí yín pa?" Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Àjíkẹ́, n kì í jowú oúnjẹ wọn, n kì í jowú ọmọ wọn. Ìjà wọn ni mò ń jowú. Ẹnìkan ṣì wà tó lè bá obìnrin yẹn jà lówùúrọ̀.

Nítorí náà má rò pé ẹni tí ara ń tù ló ń gba ọ nímọ̀ràn.

Èkínní tí mo fẹ́ sọ fún ọ: bá Ọlọ́run jà bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n má bá a yodì. Ìjà kì í tú ilé ká. Odì ló ń tú u. Ẹni tó ń jà ṣì ń sọ̀rọ̀, ó ṣì ń retí èsì. Lálẹ́ ọjọ́ tí a sin bàbá rẹ, mo bá Ọlọ́run sọ ọ̀rọ̀ tí n kò ní kọ síhìn-ín, kí o má baà kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi. Kò pa mí. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, mo rí i pé mo ti ń gbàdúrà láìmọ̀. Ìwọ lo gba ọ̀nà kejì. O pa ẹnu rẹ mọ́, o sì pè é ní agbára.

Wo ohun tí odì náà ṣe fún wa lóko.

O rántí àwọn ebè bàbá rẹ. Ó kọ wọ́n ní ìparí òjò, ó gbin iṣu làbókò sí wọn, ó fi koríko dé wọn lórí, kí ó tó dùbúlẹ̀. Nígbà tí òjò padà dé, gbogbo wọn hù, ìtàkùn wọn gun igi, ewé wọn dúdú. Ta ni ní Manigri tí kò mọ̀ pé làbókò kì í dúró de ẹnikẹ́ni? Lójú òjò, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, a máa ń ṣí ebè rẹ̀ nídìí jẹ́jẹ́, a ó gé iṣu àkọ́kọ́ kúrò, a ó fi orí rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò, a ó sì bo erùpẹ̀ padà. Iṣu tí a gé ni a ń jẹ. Èyí tí orí náà bá tún so kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé ni èbù tí a ó gbìn ní ọdún kejì. Ẹni tó bá jẹ́ kí òjò lọ, kò ní èbù.

Wòrú wá bá wa lásìkò náà. Ìwọ ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Ìyá Àjíkẹ́, iṣu ọ̀rẹ́ mi ti tó ṣí o. Èmi àti Sàbí lè wá ṣe é lọ́la."

Kí n tó la ẹnu, ìwọ ti dáhùn. "Ẹ ṣeun, Bàbá Sàbí. Ẹ lọ ṣí tiyín."

"Tèmi ti ṣí tán, ọmọ mi."

"Mo mọ̀. Gbogbo nǹkan tiyín ló máa ń bọ́ sí i."

Ó rò pé eré ni, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹnu rẹ yìí mú bí ọ̀bẹ! Mo káàánú ọkùnrin tó máa fẹ́ ọ."

O dìde, ẹ̀gúsí dà sílẹ̀. O ní, "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ebè bàbá mi. Ọwọ́ rẹ̀ ló kẹ́yìn níbẹ̀. Àgàgà ọwọ́ ẹni tó ń mí èémí tó yẹ kó jẹ́ ti bàbá mi."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọkùnrin náà. Ó wò mí. Ó ń retí kí n bá ọ wí. Mo wolẹ̀. Kì í ṣe pé n kò mọ bí a ṣe ń bá ọmọ wí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú ni. Ohun tí èmi kò lè sọ ni o bá mi sọ. Ó yí padà, ó lọ, òjò náà sì lọ.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé kí èmi àti ìwọ tó mú ọkọ́ lọ. O rántí bí ilẹ̀ ṣe gan. Ọkọ́ ń ta padà bí ẹni pé ògiri ni a ń gbẹ́. Iṣu tí a kò bá bẹ́ sí méjì, ikán ti wọ inú rẹ̀. Èbù kan ṣoṣo kò sí. O jókòó sórí ebè tó ti fọ́, o ní, "Ìyá, irú iṣu bàbá mi ti run nílé wa." Mo ní, "Èmi àti ìwọ la run ún." O wò mí bí ẹni tí mo gbá létí, o ní, "Ọlọ́run ló run ún."

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lára mi. Àwa la kọ̀ kí a ṣí ebè, Ọlọ́run la pè lẹ́jọ́. Bí ọkàn líle ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Á ti ilẹ̀kùn mọ́ra tán, á wá máa bínú pé ẹnìkankan kò wọlé wá kí òun. Bí ó bá sì ti pẹ́, kò ní rántí mọ́ pé ọwọ́ òun ló ti ilẹ̀kùn náà.

Èkejì kò ṣeé sọ láìsọ ọ̀rọ̀ ìyá mi, tí ìwọ kò bá láyé.

O mọ̀ pé ọ̀nà oko ni wọ́n ti gbé mi ní kékeré, tí wọ́n tà mí láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí mo fi dé etí òkun. Obìnrin onígbàgbọ́ kan ló rà mí sílẹ̀ níbẹ̀, tó tọ́ mi bí ọmọ, tó fi mí sílé ìwé. Ibẹ̀ ni èmi àti bàbá rẹ ti pàdé, òun náà ọmọ Manigri tí ogun fọ́n lọ. Nígbà tí ọ̀nà là, a padà wálé. Gbogbo agbo ilé jáde, wọ́n ń jó, wọ́n ń da omi sílẹ̀. Ìyá mi nìkan ni kò jáde.

Mo wọlé bá a. Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.

"Ìyá, èmi ni."

"Mo rí ọ. Ṣé o ti jẹun?"

"Ìyá, ẹ wò mí."

"Mo ti wò ọ́. Ara rẹ ń dán. Wọ́n ní ìyá rẹ etí òkun mọ ọmọ tọ́jú."

Ó ti gbọ́ pé mo pe obìnrin náà ní ìyá. Ní gbogbo ọdún tí kò fi rí mi, ó sunkún mi, àwọn ènìyàn sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé tán, owú obìnrin tó tọ́ mi kò jẹ́ kó lè dì mọ́ mi. Mo máa ń gbé oúnjẹ lọ, á ní òun ti yó. Mo fẹ́ sọ ti Jésù fún un, ó dá mi lẹ́nu dúró: "Ọlọ́run tó gba ọmọ mi fún obìnrin mìíràn tọ́, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Má júwe rẹ̀ fún mi." Àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́. Á ní, "Ẹ jẹ́ kí inú mi rọ̀ ná. Bó bá di ìgbà iṣu tuntun." Iṣu tuntun dé, ó ní ó di òmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n sáré pè mí. Apá kan ara rẹ̀ ti kú, ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń wo ojú mi, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tó jáde. Ọkàn rẹ̀ ti rọ̀, Àjíkẹ́. Ó ti rọ̀ pátápátá. Ahọ́n ló ti le. Títí di òní n kò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Mo fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run tó gbọ́ ohun tí kò dún.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí nígbà tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bá sọ pé lónìí, tí kò sọ pé lọ́la, ni kí a má sé ọkàn wa le. Má sọ pé inú rẹ á rọ̀ ná kí o tó bá a sọ̀rọ̀. Bíbá a sọ̀rọ̀ ni yóò mú un rọ̀.

N óò sọ ọ̀kan fún ọ tí wàá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó ń ta ìkòkò ti Bàsílà dé. Mo bi í bóyá ó mọ̀ ọ́. Ó ní, "Ìyàwó tuntun ilé àwọn olóbì? Há, ó wà dáadáa! Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń bá a dirun. Wọ́n ń kọ́ ọ lédè wọn, ó ń ṣì í sọ, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín." Àjíkẹ́, ó yẹ kí n yọ̀. Láti ọyẹ́ èṣí n kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ. Mo ra ìkòkò tí n kò fẹ́ rà, mo gbé e wọlé, mo sì jókòó tì í, mò ń wí nínú mi pé, irun tí mo fi ọwọ́ mi dì láti kékeré, ta ni obìnrin yẹn? Lójijì ni mo gbọ́ ohùn ìyá mi nínú ara mi: ara rẹ ń dán.

Mo dìde lójú ẹsẹ̀. N kò fẹ́ ṣe é bí ó ṣe ṣe é. Pè é ní ìyá, ọmọ mi. Inú mi á máa ta mí díẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n pè é.

Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ kan tún yé mi tí kò yé mi rí, pé Ọlọ́run òjowú ni Ọlọ́run wa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé létí òkun, mo rò pé ìwà burúkú ni, tí a kàn ń bọ̀wọ̀ fún nítorí pé Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n owú méjì ló wà. Ọ̀kan ń wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ń fẹ́ kó bọ́. Èkejì ń wo ọmọ tirẹ̀ tó ń lọ, kò lè gbójú kúrò lọ́nà. Èyí tó mú mi dúró nídìí igi ẹmi lọ́jọ́ tí o lọ, tí èmi tí mo jẹ́ erùpẹ̀ lásán fi dúró títí ẹsẹ̀ mi fi wú, ṣé o rò pé ti Ọlọ́run kéré sí i? Ẹni a fẹ́ la mọ̀, a kò mọ ẹni tó fẹ́ wa. O ní o ti parí pẹ̀lú rẹ̀. Òun kò tíì parí pẹ̀lú rẹ. Bí o bá sé ọkàn le sí ọ̀tá, ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jowú nítorí rẹ lò ń sá fún.

N kò mọ ìdí tí bàbá rẹ fi kú tí Wòrú fi yè. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, má jókòó tì í. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àánú tí Ọlọ́run ṣe fún Wòrú kì í ṣe èyí tó jí gbé nílé wa. A ti ń ṣe bí ẹni pé èémí kan ṣoṣo ló wà láyé, pé ẹni tó bá mí i ti gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Irọ́ ni.

Ó ku ohun tí o kò mọ̀. Ní kété tí o lọ, Wòrú wá, ó ru agbọ̀n, ó dúró lóde bí àlejò.

"Ìyá Àjíkẹ́, ẹ má lé mi."

"Kí ló dé?"

"Èbù làbókò ni. Kì í ṣe ẹ̀bùn. Ọdún tí ikán jẹ tèmi tán, ọkọ yín ló fún mi ní irú yìí. Tirẹ̀ ni mo gbé wálé."

Mo ti la ẹnu láti ní kó gbé e padà. Mo ti là á, Àjíkẹ́. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ìkọ́ gbé e. Ó sáré fi aṣọ di ẹnu rẹ̀, ó yíjú sí ògiri, gbogbo ara rẹ̀ ń mì. Nígbà tó tán, ó ní, "Ẹ má bínú. Láràárọ̀ pàápàá, mo máa ń dì í báyìí kó má baà dé etí yín. Mo mọ̀ pé kò lè dùn ún gbọ́ fún yín. Ìyá Sàbí ní kí n yéé dì í, pé ikú tí mo sá fún tẹ́lẹ̀ ni mo tún ń ki mọ́lẹ̀ lọ́fun."

Mo rẹ́rìn-ín, n kò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún kí n tó mọ̀. Ọkùnrin tí mò ń jowú èémí rẹ̀ ló ń pa èémí náà mọ́ra nítorí mi. Mo ní, "Bàbá Sàbí, ẹ wúkọ́ bó ṣe wù yín. Ẹ jókòó." Mo bu omi fún un. A jọ gbin àwọn èbù náà sínú ebè tí àwọn ará àtíbàbà bá mi kọ. Wọn kò pọ̀. Wọ́n á tó.

N kò lè sọ pé owú náà ti kúrò. Ó máa ń padà wá láàárọ̀. Ṣùgbọ́n kò bá ilẹ̀kùn ní títì mọ́.

Wòrú náà ló mú ìwé yìí wá. Ó ní ọ̀nà Bàsílà kò lè pa òun, òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ọ. Ó dúró níwájú rẹ báyìí. N kò ní kí o tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò bá tíì wá láti inú. Fún un níjòókòó. Bu omi fún un. Bí ó bá wúkọ́, má jáde. Bóyá ibẹ̀ ni ilẹ̀ líle náà ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, torí ẹni tí ó lè bu omi fún Wòrú á lè bá Ọlọ́run sọ gbólóhùn kan, ó kéré tán. Gbólóhùn ìbínú náà, á gbà á.

Kí ọkọ rẹ, kí ìyá rẹ tó wà níbẹ̀. Bí o kò bá lè gbàdúrà nísinsìnyí, má bẹ̀rù pé àyè rẹ ti kún. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi tí Ọlọ́run bá jí mi sí, n óò máa tẹ́ ẹní rẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lábẹ́ àtíbàbà, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e.

Èmi ni,
ìyá rẹ.